Ọkọ̀ Alága

“Ẹni tí ò bá wọ jákẹ́ẹ̀tì ojú omi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ o!” ni alága ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ìgbòkun ń pariwo sí fóònù ní pálọ̀ rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Látìgbà tí kòrónà ti sé wọn mọ́lé, tí wọn ò lè dé ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ mọ́, orí fídíò ni wọ́n ti ń ṣèpàdé.

“Ọjọ́ tí ìjọba bá ṣí ọ̀nà, ọjọ́ náà la máa tukọ̀! Tèmi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń dán gbinrin.”

“Alága, ẹ tan rédíò!” Adésọjí, akọ̀wé wọn, ké láti Ìlíṣàn. “Wọ́n ti ṣí ọ̀nà!”

Gbogbo wọn hó yèè. Alága sáré lọ sẹ́yìnkùlé kó lè fi ọkọ̀ hàn wọ́n. Ó bá ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀, tó ń fọ́n oúnjẹ sínú ọkọ̀ náà. Omi kún un dé etí, ẹja àrọ̀ sì ń jà sí oúnjẹ.

“Ìyá Dámisọ́lá, kí lèyí?”

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa bomi sí i, kí pákó rẹ̀ má bàa sán. Ṣé kó wá jẹ́ omi lásán ni? Ó ku oṣù kan péré kí àwọn ẹja yìí tó tó jẹ.”

Alága yára yí fóònù padà sójú ara rẹ̀. Ó wúkọ́ díẹ̀.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Àìsàn yìí ò tíì lọ tán.”