Èmi Ni Mo Ń Bá Wọn Dọ̀bálẹ̀

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀ tó mi ní gbogbo Ìbàdàn. Tí mo bá balẹ̀, ilẹ̀ á mì dé Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọmọ tó bá wà lókè òkun, tó ń bá òbí ẹ̀ jà, èmi ni mo máa ń bá a dọ̀bálẹ̀ fún òbí náà, níwájú ẹ̀rọ onílàjà tó ń dájọ́ ìjà ẹbí. Tí òbí bá ti fọwọ́ kan orí mi báyìí, ìjà parí nìyẹn, ohun tọ́mọ fẹ́ ti di òfin.

Láàárọ̀ yìí, Bàbá Akínwándé ló kàn. Akínwándé fẹ́ ta ilé bàbá ẹ̀, kí wọ́n kó bàbá lọ sílé àwọn arúgbó.

Bàbá ní, "Ìwọ ọmọ tí wọ́n háyà yìí, o lè sùn síbẹ̀ dalẹ́. Mi ò ní fọwọ́ kàn ẹ́."

"Bàbá, ẹ ò tíì rí irú tèmi rí."

Mo fò, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, mo balẹ̀ gbì. Iwájú orí mi bẹ́, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Bàbá sáré bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ di ojú ọgbẹ́ náà. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ta ló ní kó o ṣe ara ẹ báyìí?"

Ẹ̀rọ ní, "Bàbá ti gbà. Ìjà parí."

Bàbá ò yọwọ́ lórí mi. Ẹ̀jẹ̀ ò tíì dá.