Ilà Etí Ológbò

Ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn ológbò ìgboro kì í ṣílẹ̀kùn fún èyí tí kò bá ní ilà létí, àmì pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Èyí tí kò bá kọlà di ọ̀sán òní, inú igbó ni wọn yóò lọ dà á sí. Ìdí nìyí tí Ṣubúọlá, olóòlà ológbò fún ìjọba ìbílẹ̀, fi kúnlẹ̀ síwájú Màmá Ìbíwùmí láti àárọ̀, tí kò dìde.

Màmá fi ìró bo ológbò ìgboro tó gbà sílé mọ́ra, èyí tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ṣùgbọ́n tí kò tíì kọlà. "Wọ́n ní ká má kọ ọmọ ènìyàn nílà mọ́. Ológbò ni wọ́n wá ń fi owó orí wa kọ nílà?"

"Ẹ máa bínú sí mi, Màmá. Kò ní kú sígbó lójú mi. Mi ò lọ."

Màmá wo abẹ tó wà lọ́wọ́ Ṣubúọlá. "Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ ọmọ Ògúndìran olóòlà ni mí, mà."

Ìyá arúgbó náà fọwọ́ kan àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gbé ológbò náà lé Ṣubúọlá nítan, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ di orí ológbò náà mú.

"Ògúndìran ló kọ èyí fún mi. Mo ké, mo jà, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Má jẹ̀ẹ́ kí tìrẹ gbọ̀n."