Ẹsẹ̀ Tí À Ń Gbé fún Ẹ̀rọ

Láràárọ̀, kí ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ tó ṣí, àwa obìnrin tí a ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí máa ń gbé ẹsẹ̀ kan lé ẹ̀rọ tó ń wá ẹ̀jẹ̀ dídì tí oògùn náà lè fà sínú ẹsẹ̀. Ọ̀tún ni gbogbo wa ń gbé. Kò sẹ́ni tó ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn ìyá àgbà ni wọ́n fi sí ẹ̀rọ náà, a ò sì lè na òsì sí àgbà.

Ó di ọjọ́ kẹta tí ẹsẹ̀ òsì mi ti wú, tó ń gbóná lábẹ́ ìró.

"Ìyá Múfútáù, ṣé ẹ fẹ́ fi ibẹ̀ ṣelé ni?" Ràfátù pariwo lẹ́yìn mi lórí ìlà.

"Ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn mí."

"Ẹ gbé e fún un nígbà náà!"

"Òsì?"

Ó wo ẹsẹ̀ mi. Àwa méjèèjì la wẹ òkú Sìdíkátù ọ̀rẹ́ wa lóṣù tó kọjá. Ọ̀tún lòun náà gbé fún ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ tó kú; iná àwọ̀ ewé tàn, ilẹ̀kùn sì ṣí fún un. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú ju ọ̀tún lọ. A rí i bí a ṣe ń wẹ̀ ẹ́, a ò sì sọ nǹkan kan.

Mo bọ́ bàtà òsì.

"Ẹ má bínú, mà," mo sọ fún ẹ̀rọ, "òsì ni."

Iná pupa tàn. Ilẹ̀kùn ò ṣí.

"Jókòó, ọmọ mi," ni ẹ̀rọ wí. "Dókítà ti ń bọ̀."

Mo jókòó. Ẹ̀rù ò bà mí, inú mi ò sì dùn. Mo kàn ń wo Ràfátù bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó bọ́ bàtà òsì rẹ̀, tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà sì ń bọ́ tirẹ̀.