Nọ́ńbà Tí Oyèdìran Kò Kà Tán

Ní agboolé Arójòjoyè, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú orúkọ àwọn baba ńlá wa sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń jẹ́ Oyèdìran. Ó mọ iṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹpútà náà ń lo Unix, irú èyí tí a ń tẹ àṣẹ fún, tí yóò sì ṣe ohun tí a tẹ̀ gan-an láìjiyàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá Láwọyin, àgbà ilé tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, jókòó síwájú makirofóònù láti sọ bí ìdílé wa ṣe tẹ̀dó. Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Àfi bí ẹ̀rọ ṣe ní òun ti kún, òun kò lè gba ohùn sílẹ̀ mọ́.

"Fáìlì ńlá kan ló ń jẹ àyè," ni Oyèdìran wí. Ó ní kí àṣẹ du wọn gbogbo fáìlì, kí sort sì tò wọ́n, kí nọ́ńbà tó ga jù wà lókè. Lókè pátápátá, ó rí 980K. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni 62G wà.

Ìyá Mojísọ́lá, ìyàwó ilé tó ń ta ẹ̀wà, na ọrùn wo ojú ẹ̀rọ. "Ọkọ mi Akọ̀wé, lẹ́tà ẹ̀yìn àwọn nọ́ńbà yìí kò jọra o. Ṣé òṣùwọ̀n kan náà ni?"

"Ìyàwó ilé wa, ẹ padà sídìí ẹ̀wà yín."

"Màá padà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún kóńgò, tí ẹ̀yin ní ọgọ́ta àpò, ta nínú wa ni ẹ̀wà rẹ̀ pọ̀ jù?"

Oyèdìran rẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ ṣí fáìlì náà wò. Ó tẹ rm, àṣẹ tí ń pa fáìlì rẹ́, ó tẹ orúkọ fáìlì 980K náà tẹ̀ lé e, ó parí.

Ẹ̀rọ ṣì kún. Ìgbà náà ló tó fi h kún àṣẹ sort, kó lè ka òṣùwọ̀n pọ̀ mọ́ nọ́ńbà. 62G bọ́ sókè. Ohùn yàrá òfìfo ni! Oyèdìran fúnra rẹ̀ ló gbàgbé láti pa makirofóònù lẹ́yìn ìpàdé Ọdún Àjíǹde, tí ẹ̀rọ fi gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ó pa á rẹ́, àyè sì ṣí.

980K ńkọ́? G kan ṣoṣo ju mílíọ̀nù K lọ. Ohun kékeré tó pa rẹ́ yẹn ni orúkọ ìran mọ́kànlá, tí a fi ọdún mẹ́fà gbà lẹ́nu àwọn àgbà. Ohun tí rm bá pa kì í padà, a kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ kankan.

Bàbá Láwọyin kò bínú. Ó ní, "Tan ẹ̀rọ rẹ, Oyèdìran. Ìtàn ìtẹ̀dó á dúró ná. Jẹ́ kí n dárúkọ àwọn tí mo bá rántí." Ó dárúkọ títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tó kan ìyá tó bí Adéoyín, ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá wa, ó mi orí, ó ní òun kò rántí mọ́. Kò pé oṣù méjì tí òun náà fi kú, ohùn rẹ̀ kò sì jẹ́ kó sọ ìtàn ìtẹ̀dó náà. Títí di òní, àwọn ọmọ Adéoyín kò mọ orúkọ ìyá ńlá wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó gba àyè jù lè jẹ́ òfìfo, ohun kékeré sì lè jẹ́ odindi ìdílé. Kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ mọ òṣùwọ̀n rẹ̀, ẹ ṣí i wò, ẹ má sì fi ẹni tó bi yín léèrè ṣẹ̀sín. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.