Aṣọ Funfun Lójú Fèrèsé Ìyá Dìpẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àpérò náà máa bẹ̀rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, ọkàn Adétutù kò sì balẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀, dókítà ń bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ bíi tirẹ̀ náà ń bọ̀. Bí àdúgbò ṣe lè pawọ́ pọ̀ tọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n fẹ́ jíròrò lé lórí, Adétutù ni wọ́n sì ní kó wá ṣàlàyé ètò tó dá sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á, gbogbo abúlé tó yí Ìbàdàn ká ni yóò máa lò ó.

Ètò náà kò le rárá. Ní Abà Alágbọn, lẹ́yìn Akanran, arúgbó tó bá ń dá gbé yóò fi aṣọ funfun kọ́ sójú fèrèsé bó bá ti jí láàárọ̀. Ẹni tó ń lọ sóko á rí aṣọ, á mọ̀ pé àlàáfíà ni. Bí oòrùn bá yọ tí aṣọ kò sí níbẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí gbọ́dọ̀ wọlé lọ wò ó. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, arúgbó á ká aṣọ rẹ̀ wọlé.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Dìpẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Dìpẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá náà bí, ti kú. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, kò lè di ṣíbí mú. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń dáná, òun náà ni wọ́n fi ń na aṣọ lé igi fèrèsé, wọ́n á wá gbé òkúta lé e kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ. Màmá yìí ló pọn Adétutù dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ná ọjà Ṣáṣá, kò sì sí ẹni tí Adétutù fẹ́ràn tó wọn láyé yìí.

Ó yà kí wọn ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú àpérò.

"Tutù, aṣọ yìí dáa o," ni Màmá wí, "àmọ́ kì í báni sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, bí Múyì bá ń lọ pọnmi, á wọlé kí mi, a ó jọ rojọ́ díẹ̀. Ní báyìí, á wo fèrèsé, á bá tirẹ̀ lọ."

"Wọn ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu ni, Màmá."

"Ta ló sọ fún wọn pé wọ́n ń yọ mí lẹ́nu?" Màmá rẹ́rìn-ín. "Òòyì tún ń kọ́ mi láàárọ̀. Jókòó tì mí díẹ̀."

Adétutù wo aago. "Ẹ jẹ́ kí àpérò yìí kọjá ná. Màá wá sùn tì yín, màá sì gbé oògùn dání."

"Ṣé o ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí, Màmá."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bọ́ọ̀sì kó àwọn àlejò wá sí abà kí wọ́n tó lọ sí gbọ̀ngàn. Múyì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Màmá, tí í ṣe olórí àwọn obìnrin abà, ti gbá ojú ọ̀nà mọ́ tónítóní. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ to ara wọn sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń kọrin. Aṣọ funfun wà lójú fèrèsé. Wọ́n fi etí rẹ̀ méjèèjì so mọ́ igi, kókó rẹ̀ le dáadáa. Adétutù rí kókó yìí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ọwọ́ Màmá ti padà bọ̀ sípò! Ó wo Múyì, Múyì ṣẹ́jú sí i, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ ká wọlé kí ìyá náà," ni dókítà kan wí. Ó ti ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Adétutù sáré dá a dúró. "Ẹ má bínú, sà. Ohun tí ètò yìí wà fún gan-an nìyẹn. A kì í já wọlé bá wọn mọ́. Aṣọ ti jẹ́ iṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́."

Dókítà yìí mi orí, ó fa fóònù yọ, ó ya àwòrán fèrèsé.

Nínú gbọ̀ngàn, Adétutù kò rọra sọ ọ́ rárá. Ó ní ìyá tí kò lè di ṣíbí mú ti ń so kókó báyìí, nítorí pé ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n mọ̀ pé gbogbo abà ló ń ṣọ́ wọn. Àtẹ́wọ́ gba ilé kan. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó tú ká, wọ́n gba ètò náà wọlé, wọ́n sì fún un ní àwo ẹ̀yẹ.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló tó lè lọ sí Abà Alágbọn. Ó gbé oògùn, ó gbé aṣọ ìsùn, ó ra búrẹ́dì tí Màmá fẹ́ràn. Láti ojú ọ̀nà ló ti rí aṣọ funfun, kókó rẹ̀ ṣì le bíi ti ọjọ́sí.

"Màmá! Tutù yín ti dé o!"

Ó tún pè. Ó rò pé oorun ọ̀sán ló gbé wọn lọ. Múyì ló jó jáde láti òdìkejì ọ̀nà.

"Áńtí Tutù, ẹ kú oríire o! A gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò. Gbogbo abà ló ń yọ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun." Adétutù fọwọ́ kan kókó tó wà lójú fèrèsé. "Ẹ wá wo bí Màmá ṣe so ó gírígírí. Ta ló mọ̀ pé ọwọ́ yẹn tún lè ṣiṣẹ́?"

"Èmi ni mo so ó, aṣọ mi ni, ṣebí mo ṣẹ́jú sí yín," ni Múyì wí tẹ̀rín-tẹ̀rín, "nígbà tí oòrùn yọ lọ́jọ́ tí àwọn àlejò yín ń bọ̀ tí a ò rí aṣọ, tí kò sì sáyè àtiwọlé wò wọ́n, mo ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú tì yín."