Ẹni Tí Yóò Sọ fún Oyin

Lionel Garsby wọ ilé àwọn baba rẹ̀ ní abúlé Hethercote láìnu bàtà. Òkú Ambrose, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ò tíì wọlẹ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Lionel ò fi yọjú síbẹ̀, àmọ́ kó tó ṣí fìlà lórí, ó ti ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wọn ògiri.

"A máa wó apá ibí yìí. Àwọn ilé oyin tó wà nínú ọgbà, ẹ dáná sun wọ́n. Ìwọ náà, Dorcas, máa palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́. Sátidé lo máa lọ."

Ogún ọdún ni Dorcas Tebbutt ti ń tọ́jú ilé náà. Ó gbé tíì síwájú rẹ̀.

"Mu tíì ẹ, Lionel, kó má baà tutù."

Inú bí i. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀gá ni wọ́n ń pè é.

"Èmi lò ń pè lórúkọ bẹ́ẹ̀? Kò burú. Sátidé ò jìnnà."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà Wix mú Dorcas jókòó síwájú pátápátá, níbi ìjókòó ìdílé Garsby. Lionel yínmú. Ó gbà pé ojú àlùfáà ò ríran mọ́.

Nígbà tí wọ́n sin òkú tán, àlùfáà ní, "Ó ku oyin. Bí baálé bá kú, ẹni tó jogún ilé ló máa fi kọ́kọ́rọ́ ilé lu ilé oyin, táá sì túfọ̀ fún wọn. Bí ẹlòmíì bá sọ ọ́, wọ́n á ṣí lọ ni."

"Kí n máa bá eṣinṣin sọ̀rọ̀?" Lionel bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará oko yìí ò lè gbọ́n láé! Dorcas, lọ mú kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nìyẹn."

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

Àlùfáà ò jiyàn, ó kàn ṣí fìlà. Lionel tẹ̀ lé wọn wọ ọgbà, ó fi sìgá sẹ́nu, ó ń wá ohun tó máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Dorcas bọ́ ìbọ̀wọ́ dúdú tí kò bọ́ láti àárọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ lu ilé oyin lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Ẹ̀yin oyin, ọkọ mi ti kú, èmi ló fi ilé sílẹ̀ fún, ẹ má bẹ̀rù iná o, Lionel ò ní dúró di Sátidé."