Ọkọ̀ Pupa Tí Kì Í Jò

Ọkùnrin tó ń tọpa àwọn ọkọ̀ asáré àtijọ́ ilẹ̀ Ítálì ti ń yọ ìyá àgbà lẹ́nu láti ìjẹta pé kó ta ọkọ̀ pupa rẹ̀. Báyìí, ó dojú bolẹ̀ nínú gáréèjì, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ọkọ̀ náà.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì, ayédèrú ni. Kò sí ojúlówó irú ọkọ̀ yìí tí kì í jo ọ́ìlì. Ilẹ̀ tiyín gbẹ táútáú."

"Háà! Olóògbé ọkọ mi mà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o! Ẹ ò wá ní rà á mọ́?"

"Kí n fi ṣe kí ni?"

Ó gbọn ṣòkòtò, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá àgbà ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ó fa ìlédìí ọmọ-ọmọ rẹ̀ yọ. Ọ́ìlì dúdú ń kán nínú rẹ̀ tó, tó, tó.

Ó kígbe sí yàrá: "Bàbá wọn, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ká lọ gbatẹ́gùn. Ó ti lọ, ẹ lè jíǹde."